Igi Ńlá Inú Àgbàlá Wa àti Ohun Tí Ó Lè Hù Lábẹ́ Rẹ̀

 

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ra ilẹ̀ ní Kaduna yìí, tó kọ́lé, tó sì bá igi máńgòrò tàbí dongoyárò níbẹ̀. Ohun tí a sábà máa ń ṣe ni pé a ó gé igi náà, a ó sì da sìmẹ́ǹtì bo gbogbo àgbàlá. Àwíjàre wa ni pé kò sí ohun tó lè hù lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ní oṣù kẹta àti ìkẹrin ọdún, ooru ìlú yìí a máa ju 35 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Sìmẹ́ǹtì tí oòrùn ti pa láti àárọ̀ yóò máa tú ooru jáde títí di òru. Igi ní tirẹ̀ ń dí oòrùn, omi tí ewé rẹ̀ ń tú sínú afẹ́fẹ́ sì ń mú kí ibẹ̀ tutù. Nígbà tí iná bá lọ, tí fáànù dákẹ́, ṣebí abẹ́ igi ni gbogbo wa ń sá lọ.

Òótọ́ ni pé àgbàdo, ilá àti tòmátì kò ní ṣe dáadáa níbẹ̀. Ọmọ oòrùn ni wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn ewéko kan wà tó jẹ́ pé abẹ́ igi ni ilé wọn. Àkọ́kọ́ ni ewé eéran tí àwọn ìyá wa fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Inú igbó òjò ló ti wá, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ máa bomi rin ín ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí tó wà lẹ́yìn ilé mi ti tó ìyàwó mi í lò, àwọn aládùúgbò náà ń já níbẹ̀.

Ìkejì ni atalẹ̀. Gúúsù ìpínlẹ̀ yìí, ní agbègbè Kafanchan àti Kachia, wà lára ibi tí wọ́n ti ń gbìn ín jù ní Nàìjíríà. Ó fara da ibòòji tí kò bá ṣókùnkùn jù. Àrùn kan ba oko atalẹ̀ jẹ́ gidigidi níbẹ̀ ní 2023, nítorí náà èyí tó bá ti rọ̀ tàbí tó ń rà, ẹ má rì í mọ́lẹ̀.

Ní ti ẹwà, ojá ìkòokò gba ooru, ó sì gba òǹgbẹ. Caladium, tí ewé rẹ̀ pupa tó sì funfun, fẹ́ràn ibòòji. Yóò kú sórí ilẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n iṣu rẹ̀ yóò tún hù bí òjò bá dé. Kí ọmọdé má fi í sẹ́nu o, ó máa ń jó ni lẹ́nu àti lọ́fun.

Kì í ṣe ibòòji nìkan ló ń pa ohun tí a bá gbìn sábẹ́ igi. Gbòǹgbò igi ló ti mu omi ibẹ̀ tán. Ẹ má gé gbòǹgbò ńlá. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 4 tàbí 5 jìnnà sí ìdí igi, kí ẹ po ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà mọ́ ilẹ̀dú. Oṣù kẹfà ni kí ẹ gbìn, kí gbòǹgbò lè múlẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé.

Ewé gbígbẹ tí à ń gbá, tí à ń sun láràárọ̀, oúnjẹ ilẹ̀ ni. Ẹ tẹ́ ẹ yí ohun tí ẹ gbìn ká, kó má nípọn ju ìka mẹ́ta lọ. Mo mọ̀ pé ẹnìkan ń ro ti ejò. Eku ni ejò ń wá, ààtàn ni eku ń wá. Ẹ mú ààtàn jìnnà sílé, kí ẹ má sì jẹ́ kí ewé náà dé ẹnu ọ̀nà.

Igi tó bá ti gbẹ, tàbí tó dà sórí ilé, ẹ gé e. Ṣùgbọ́n igi tí ara rẹ̀ le, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi dàgbà, òwúrọ̀ kan ni agégi yóò fi wó o. Kí ẹ tó pè é, ẹ fi ìgbà òjò kan ṣoṣo gbin nǹkan sábẹ́ rẹ̀ ná.