Igbá Òfìfo ní Ọ̀yọ́ Ilé



Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ń ká aláṣẹ lọ́wọ́ kò, igbá òfìfo tí Ọ̀yọ́ Mèsì ń gbé ránṣẹ́ sí Aláàfin ni a sábà máa ń tọ́ka sí. Ọba tí ó bá ṣígbá wò, kò tún gbé ayé mọ́. Lójú tèmi, a ti yin ètò yìí jù. Ta ni yóò gbé igbá fún Baṣọ̀run, tí í ṣe olórí àwọn tí ń gbé e?

Láti nǹkan bí ọdún 1754 títí di 1774, Gáà ni Baṣọ̀run tí ń fi ọba jẹ, tí ó sì ń mú wọn kú. Lábísí àti Awọ́nbíojú wà lára wọn. Àwọn ọmọ rẹ̀ tàn ká ilẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀ tí ó tọ́ sí ààfin. Ẹ kíyè sí i: Gáà kò fọ́ igbá àwọn baba wa, igbá náà gan-an ni ó fi ṣe ohun ìjà.

Abíọ́dún ni ó ṣẹ́gun rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe àṣà ni ó lò. Ọyábì, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ni ó kó ogun wọ ìlú láti ràn án lọ́wọ́. Àwọn ológun sì ti mọ ọ̀nà ààfin nìyẹn. Ní nǹkan bí ọdún 1796, láti ibùdó ogun, níbi tí Kakaǹfò Àfọ̀njá wà, ni a ti gbé igbá òfìfo wá fún Aláàfin Aólẹ̀.