Ọ̀wẹ̀ Wákàtí 48

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdún ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa



A mọ̀ pé bí àgbà bá gbọ́ orúkọ eré orí kọ̀ǹpútà, ọmọ tí kò fẹ́ kàwé ni yóò rántí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ta ayò ni ó ń ṣeré. Ẹni tí ó gbẹ́ ọpọ́n rẹ̀, iṣẹ́ ni ó ṣe.

Ní ọdún 2009 ni a bẹ̀rẹ̀ ìpéjọ tí à ń pè ní Global Game Jam, ní ibi 53 ní orílẹ̀-èdè 23. A fi àkòrí kan lélẹ̀, àwọn tí ó péjọ pín ara wọn sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sì ṣe eré titun láàárín wákàtí 48. Ọ̀wẹ̀ gan-an ni, bí kò tilẹ̀ sí ọkọ́ àti àdá níbẹ̀.

Àwa mẹ́rin dán irú rẹ̀ wò. Ẹnì kan ń kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà yóò tẹ̀ lé, ẹnì kejì ń ya àwòrán, ẹnì kẹta ń wá ìlù àti ohùn, ẹnì kẹrin ń gbèrò òfin eré. Ìtàn Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná, tí Aláàfin rán wá láti máa ṣọ́ ọ̀nà, ni a mú. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, a fẹ́ kó ààfin Ọ̀yọ́, ọjà, ogun àti ìjà Gbọ̀nkáà sínú rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, kò sí èyí tí ó ṣeé fi ṣeré. Inú bí wa sí ara wa. Ayàwòrán wa kọ̀ láti pa ààfin tí ó fi òru yà rẹ́.

Nígbà náà ni a rántí Tìmì Láoyè Kìn-ín-ní, ọba onílù, tí ó jọba láti 1946 sí 1975. Bí gbogbo ìlù bá fẹ́ jẹ́ ìyáàlù, ta ni yóò jó? A gé gbogbo rẹ̀ kù: ọ̀nà kan, àwọn oníṣòwò, àti tafàtafà kan nínú òkùnkùn. Kí àkókò tó pé, ọfà iná fò.

Ọmọ kékeré kan, ọmọ ìlú yìí, ṣe eré náà, inú rẹ̀ dùn. Ó wá bi wá pé, "Ta ni Tìmì yìí?" Ìbéèrè yẹn ni ó gbé wa dé iwájú yín.

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kò wọ́n wa: Federal Polytechnic, Redeemer's University àti Adeleke University wà ní Ẹdẹ. Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún ni gbọ̀ngàn kan, iná tí kò ní kú fún ọjọ́ méjì, oúnjẹ, àti àgbà tí yóò jókòó pìtàn fún wa. Ẹ̀yin tí ó wà lẹ́yìn odi, kọ̀ǹpútà tí ẹ ti lò tì yóò wúlò fún wa. Ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ ni í bọ́ ọlọ́wẹ̀. Ẹ bẹ̀ wá. A óò wá.

Kí Ọlọ́run dá ìlú wa sí. Àmín.