Fífi Ẹ̀rọ Ẹlẹ́tíróníìkì Rọ́pò Kọ́ńtáàtì Nínú Ẹ̀ńjìnnì Àtijọ́

Ní Johannesburg tí a wà yìí, a ṣì ń rí Fọ́kísí ìjàpá lójú títì, bẹ́ẹ̀ ni láti ọdún 1979 ni wọn kò ti ṣe é mọ́ ní Uitenhage, ìlú tí a ń pè ní Kariega láti ọdún 2021.

Nínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kọ́ńtáàtì ló ń já iná kọ́ìlì kí plọ́ọ̀gì lè ta iná. Àlàfo ẹnu rẹ̀ kò ju nǹkan bí 0.4 mìlímítà lọ. Bí ó bá jó tàbí tí ó jẹ, táímìn yóò yẹ̀, epo yóò sì máa ṣòfò. Ẹ̀rọ ẹlẹ́tíróníìkì ń fi mágnẹ́ẹ̀tì ṣe iṣẹ́ kan náà láìsí pé irin ń ha irin.

Ẹ kọ́kọ́ tú okùn bátìrì. Ẹ wò ó bóyá fóòtì 12 ni ọkọ̀ náà ń lò, nítorí àwọn ìjàpá àtijọ́ kan ń lo 6. Ẹ tún táímìn tò. Ẹ má ṣe ṣí kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀ńjìnnì kò ṣiṣẹ́, kí ẹ̀rọ tuntun náà má baà jó.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Kọ́ńtáàtì niṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó mọ ìdí tí iná fi ń ta. Ẹ fi èyí kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ yín.