Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé Ẹnu Iṣẹ́ Náà Ní Ẹ̀tọ́

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọmọ ríṣẹ́, a bá a dúpẹ́, ó jẹ́rìí níwájú ìjọ. Kò pé oṣù méjì, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Kò rí lẹ́tà, kò rí owó oṣù. Nígbà tó béèrè, ọ̀gá dá a lóhùn pé, "Ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ̀tọ́ wo lo ní?" Ọmọ náà yóò wá máa fi ìtìjú sá fún wa nítorí ẹ̀rí tó ti jẹ́.

Ìdáhùn tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé ni pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní ẹ̀tọ́. Ẹ̀tọ́ náà lè má pọ̀ tó ti ẹni tó ti pẹ́, ṣùgbọ́n ó wà nínú ìwé òfin.

Òfin tí mò ń wí ni Labour Act. Ìjọba àpapọ̀ ṣe é ní 1974, ó sì wà nínú àkójọ òfin Nàìjíríà ti 2004. Àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni òfin náà dìídì ń dáàbò bò. Ẹni tó bá jẹ́ máníjà, tàbí tó ń ṣe iṣẹ́ bíi ti dókítà àti ẹnjiníà, lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí òfin yìí kò ka irú wọn mọ́ òṣìṣẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ̀tọ́ kìíní ni ìwé. Kí oṣù mẹ́ta tó pé tí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó di dandan kí agbanisíṣẹ́ fún un ní ìwé tó sọ orúkọ agbanisíṣẹ́ náà, irú iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ń ṣe, ọjọ́ tí wọ́n gbà á, iye owó rẹ̀ àti ìgbà tí wọn yóò máa san án, wákàtí iṣẹ́, àti iye ọjọ́ nótíìsì.

Ẹ̀tọ́ kejì ni nótíìsì. Bí òṣìṣẹ́ kò bá tíì ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́, nótíìsì ọjọ́ kan ni òfin là sílẹ̀. Bó bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan ni. Láti ọdún méjì sí márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá pé ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kan. Nótíìsì tó bá tó ọ̀sẹ̀ kan gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ. Bí ọ̀gá kò bá fẹ́ kí òṣìṣẹ́ padà wá, ó lè san owó dípò nótíìsì. Ẹ kíyè sí i pé òfin yìí kò ya ẹni tó wà ní sáà ìdánwò, èyí tí wọ́n ń pè ní probation, sọ́tọ̀. Ọjọ́ kan kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfo.

Ẹ̀tọ́ kẹta ló ṣe pàtàkì jù: owó iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ti ṣe. Kí ọjọ́ nótíìsì tó parí, gbogbo owó rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé ọmọ wa kan ń gba N78,000 lóṣù fún ọjọ́ iṣẹ́ 26. Ọjọ́ kan jẹ́ N3,000. Ó ṣiṣẹ́ oṣù kan àti ọjọ́ 10, wọ́n sì dá a dúró lójijì láìsan kọ́bọ̀. Owó oṣù kan jẹ́ N78,000, ti ọjọ́ 10 jẹ́ N30,000, ti ọjọ́ nótíìsì kan jẹ́ N3,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ N111,000. Ẹni tí owó ilé ń lé kiri mọ̀ pé owó ni.

Àwọn ọ̀gá kan á ní, "Ọjà sọnù lọ́wọ́ rẹ, a ti yọ ọ́ nínú owó rẹ." Òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí tó fi àìbìkítà sọ ọ́ nù, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ ní kíkọ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní labour officer kó tó yọ owó náà.

Bí ọmọ náà bá ti lo oṣù mẹ́fà ṣùgbọ́n tí kò pé ọdún kan, ó ní owó ìsinmi díẹ̀ láti gbà ní ìwọ̀n ìgbà tó lò. Bó bá sì jẹ́ pé ẹnu iṣẹ́ ló ti fara pa tí wọ́n fi ní kó máa lọ, òfin Employees' Compensation Act ti 2010 kò wo bó ti pẹ́ tó. Kó fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14.

Ẹ̀yin ará, mi ò ní tàn yín jẹ. Níbi iṣẹ́ aládàáni, ilé ẹjọ́ kì í sábà fi ipá mú ọ̀gá láti gba ẹni tí kò fẹ́ padà. Owó nótíìsì àti owó iṣẹ́ ni ó wọ́pọ̀ pé kí ènìyàn rí gbà. Nítorí náà, ẹ má ná owó ilé tán lórí ìjà pé ẹ fẹ́ padà sí àyè kan náà. Ohun tó tọ́ sí yín ni kí ẹ béèrè.

Ọ̀tọ̀ sì ni kí wọ́n ní ènìyàn jalè tàbí pé ó hùwà burúkú. Ọ̀gá lè lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ láìfún un ní nótíìsì, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ẹ̀sùn náà fún un, kó sì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Bí wọ́n bá fún yín ní kúẹ̀rì, ẹ dáhùn ní kíkọ, ẹ má bínú sọ ọ́ nù, ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ rántí Jákọ́bù níwájú Lábánì. Lábánì yí owó ọ̀yà rẹ̀ padà léraléra, ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ àsọyé dé, Jákọ́bù lè ka ọdún tó fi sìn àti iṣẹ́ tó ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ní àkọsílẹ̀ ló lè sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sílẹ̀, àti ọjọ́ tí ẹ lọ síbi iṣẹ́. Ẹ tọ́jú lẹ́tà, àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù, àti àkọsílẹ̀ báǹkì. Bí wọ́n bá dá yín dúró, ẹ má fọwọ́ sí ìwé pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ fiṣẹ́ sílẹ̀, tàbí pé ẹ ti gba gbogbo owó yín, nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú, tó ní ọ̀wọ̀, kí ẹ sọ iye tó kù àti bí ẹ ṣe ṣírò rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí èsì, ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tó wà ní ìpínlẹ̀ yín. Bí kò bá yanjú níbẹ̀, National Industrial Court ni ilé ẹjọ́ tí àtúnṣe òfin ilẹ̀ wa ti 2010 gbé ẹjọ́ iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Ẹ bá lọ́yà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́.

Ẹ̀yin òbí àti oníduró, ẹ ka fọ́ọ̀mù oníduró délẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i, kí ẹ sì gba ẹ̀dà kan. Bí ọmọ bá sì ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú omijé, ẹ má kọ́kọ́ bi í pé kí ló ṣe. Ẹ fún un lóúnjẹ, kí ẹ wá jọ ka ìwé rẹ̀.

Mo yíjú sí ẹ̀yin tí ẹ gba ènìyàn síṣẹ́ nínú wa: ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ìwé, ilé oúnjẹ, ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìránṣọ. Nínú ìwé Diutarónómì, Ọlọ́run ní kí wọ́n san owó alágbàṣe kí oòrùn tó wọ̀, nítorí pé tálákà ni, owó náà ló sì gbẹ́kẹ̀ lé. Kò ní kí a kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Bí ẹ bá jẹ ọmọ kan lówó, ẹ san án lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ tó mú ọrẹ wá.

Ẹ̀yin tí wọ́n sì ti dá dúró, ẹ padà wá sáàárín wa. Ẹ̀rí tí ẹ jẹ́ kì í ṣe irọ́. Iṣẹ́ ẹ rí, ẹ sì ṣe é. Ẹ mú ìwé yín dání wá, a ó jọ ka á, a ó jọ gbàdúrà, a ó sì jọ kọ lẹ́tà náà.

Kí Olúwa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa. Àmín.