Awọ àti Ẹran: Ohùn Yorùbá Lẹ́nu Vocoder

Alága ìjókòó, ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níwájú, ẹ̀yin ọmọ Àyàn tí ẹ gbé ìlù yín wá láìbéèrè owó ọkọ̀, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ fara pamọ́ sẹ́yìn tí ẹ rò pé n kò rí yín, mo kí gbogbo yín o. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó pè mí. Ọpẹ́ náà ì bá pọ̀ jù báyìí lọ ká ní wọ́n fi àmì ohùn sórí ìwé ìpè. Ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ ni "Oro lori ero ti n yi ohun pada". Ẹni tí kò bá mọ̀ mí yóò rò pé Orò ni mo fẹ́ gbé, lórí èrò ọkọ̀ tó ń yí nǹkan padà. Ọ̀rọ̀ ni, ẹ̀rọ ni, ohùn ni. Ẹ má bínú sí mi. Ẹ ó rí i láìpẹ́ pé àárín gbùngbùn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òní gan-an ni àṣìṣe yẹn bọ́ sí.

Gbogbo yín lẹ mọ vocoder, ẹ sì mọ talk box. Ẹni tí kò bá mọ̀, kí ó rọra bi ẹni tó jókòó tì í, nítorí wákàtí kan péré ni wọ́n fún mi. Ní kúkúrú, tán-án-ná ló ń pèsè ìró, tí ìró náà ń kùn bí oyin. Ẹnu, ahọ́n àti ètè ló ń gbẹ́ ẹ tó fi di a, tó fi di i, tó fi di ọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tó bá ya ìró sọ́tọ̀ kúrò lára gbígbẹ́, tó wá fi ìró gìtá tàbí ti dùùrù rọ́pò ti tán-án-ná, òun là ń sọ. Gìtá á wá máa fọhùn bí ènìyàn. Ó parí.

Asẹ́ mẹ́wàá

Homer Dudley, ẹnjiníà kan ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní 1928. Kò ronú orin rárá. Wáyà tó gba abẹ́ òkun kọjá ló ń dà á láàmú, torí wáyà ìgbà náà tín-ínrín ju kí ó gbé odindi ohùn ènìyàn lọ. Dudley wá ṣàkíyèsí pé bí ìró ohùn ṣe ń yára tó nì, ẹnu tó ń gbẹ́ ẹ kì í yára. Ẹ wo ètè mi bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Ó ní kí a da ohùn sínú asẹ́ mẹ́wàá tí ojú wọn kò dọ́gba, kí a wọn iye tó bọ́ sínú asẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí a wọn gíga àti rírẹlẹ̀ ohùn lọ́tọ̀, kí a sì fi òǹkà wọ̀nyí ránṣẹ́. Ní èbúté kejì, ẹ̀rọ mìíràn á pèsè ìró tirẹ̀, á sì fi asẹ́ mẹ́wàá bí irú ti àkọ́kọ́ gbẹ́ ẹ. Ohùn ẹni tó sọ̀rọ̀ kò kúrò nílé. Ìròyìn rẹ̀ ló rìnrìn àjò.

Ogun ló sọ ọ́ di ńlá. Ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 1943 ni wọ́n ṣí ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní SIGSALY láàárín Washington àti London, kí àwọn aláṣẹ ogun lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìsí pé Jámánì gbọ́ ọ. Ó wúwo ju 50 tọ́ọ̀nù lọ. Abẹ́ ilé ìtajà Selfridges ní Oxford Street ni wọ́n fi ti London pamọ́ sí. Àwọn ènìyàn ń ra bàtà lókè, àṣírí ogun ń gba abẹ́ ẹsẹ̀ wọn kọjá. Wọ́n á po ariwo tí wọ́n ti gbà sórí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù mọ́ òǹkà náà. Èkejì àwo kan náà á máa yí ní èbúté kejì láti yọ ariwo ọ̀hún kúrò. Bí wọ́n bá ti lò ó tán, wọ́n á ba àwo náà jẹ́.

Ohun tó mú mi sọ ìtàn yìí nìyí. Nínú SIGSALY, ìpele mẹ́fà ti tó fún asẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé orí gíga àti rírẹlẹ̀ ohùn, mẹ́fà kò tó mọ́. Ọ̀nà méjì ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, ìpele rẹ̀ sì di 36. Àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe é fún o! Etí wọn náà kò gbà kí a fi ohùn ṣeré.

Ẹsẹ̀ obìnrin kan ní New York

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, ẹ̀yin tí mo ti kọ́ rí mọ̀ pé n kì í kọjá ibí wọ̀ǹ-wọ̀n-wọ́n.

Ní 1939, níbi ìpàtẹ àgbáyé ní New York, Bell Labs gbé àbúrò vocoder jáde fún aráyé. Voder ni orúkọ rẹ̀. Èyí kò nílò ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Obìnrin kan ló jókòó sí ìdí rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tẹ dùùrù: ìka mẹ́wàá lórí asẹ́ mẹ́wàá, ọrùn ọwọ́ lórí irin tó ń yan kíkùn tàbí títú bí atẹ́gùn, bọ́tìnnì mẹ́ta mìíràn fún àwọn kọ́ńsónáǹtì tó ń bú gbàù bí p àti t àti k. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí pẹ́dà kan. Helen Harper wà lára àwọn tó mọ̀ ọ́n lò jù. Nǹkan bí ọdún kan ni wọ́n fi ń kọ́ ọ kí ẹ̀rọ tó sọ ọ̀rọ̀ tó yéni.

Pẹ́dà ẹsẹ̀ yẹn ló ń gbé ohùn sókè sódò. Ẹni tó ń darí ètò á bi ẹ̀rọ pé, "Ta ló rí ọ?" Ẹ̀rọ á dáhùn pé obìnrin náà rí òun. Á tún bi í pé, "Ta ni ó rí?" Ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan náà ni yóò sọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ á ti gbé ohùn kúrò lórí ti àkọ́kọ́ lọ sórí ti ìkẹyìn. Àwọn èrò ìwòran pàtẹ́wọ́.

Mo wà ní kíláàsì àgbà ní yunifásítì nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ téèpù rẹ̀ nínú yàrá ìkàwé. Láìmọ̀, ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Mo ń gbìyànjú àtifi ẹsẹ̀ sọ pé "Mo rí ọkọ̀ ọkọ Bọ́lá". Olùtọ́jú ilé ìkàwé wá bi mí bóyá ẹsẹ̀ ń ro mí. Mo ní rárá, mà, àbíyá ni. Ó wò mí lọ, ó wò mí bọ̀. Òtítọ́ ni mo sì sọ, nítorí iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ Helen Harper ń ṣe ni apá onígángan ń ṣe nígbà tó bá fún ọṣán ìlù mọ́ ìhà. Lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, ẹsẹ̀ yẹn ń fi ìtẹnumọ́ kún ọ̀rọ̀ tó ti yé ni. Lẹ́nu tiwa, òun ni yóò sọ bóyá ọkọ, ọkọ́ tàbí ọkọ̀ ni.

Àríyànjiyàn tó ti gbó

Ọ̀rẹ́ mi kan wà, ọ̀jọ̀gbọ́n bíi tèmi, tí n kò ní dárúkọ nítorí pé aya rẹ̀ wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti kọ ọ́ pé vocoder ni gángan òyìnbó. Mo fèsì, ó fèsì. Mo tún fèsì, ìwé ìròyìn kan sọ èsì mi nù, wọ́n sì tẹ tirẹ̀. N kò tíì gbàgbé.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Gíga àti rírẹlẹ̀ ohùn, pẹ̀lú gígùn àti kíkúrú rẹ̀, ni gángan ń mú nínú ọ̀rọ̀; asẹ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló dà nù. Kò sí a, kò sí i, kò sí b. Vocoder tí àwọn olórin ń lò kó asẹ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó sì da ohùn ẹni tó sọ̀rọ̀ nù, kí ohùn kíbọ́ọ̀dù lè wọlé. Bí ẹni méjì tó pín ewúrẹ́ ni: ọ̀kan kó awọ lọ, èkejì kó ẹran. Awọ yẹn ni a fi ṣe ìlù. Báwo ni ẹnì kan ṣe máa wá sọ pé ohun kan náà ni wọ́n gbé lọ sílé?

Èdè wa gan-an ló tan ọ̀rẹ́ mi jẹ. A ń sọ pé "ohùn ìyá mi", a sì ń sọ pé "ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀". Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la fi pe méjèèjì, torí kò sí ẹni tó rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn óò là wọ́n níyà.

N óò gbà fún un níbì kan. Ó ní gángan náà kì í yé ẹni tí kò bá ti mọ ohun tó fẹ́ sọ. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìlù tí Rédíò Nàìjíríà fi ń ṣí ètò nígbà tí a wà lọ́mọdé, kò sí àdúgbò tí kò ní ìtumọ̀ tirẹ̀ fún un, àwọn kan tilẹ̀ gba ìfọ́tí lórí tiwọn. Ìdí nìyẹn tí onílù fi ń lo oríkì àti òwe gígùn, kí etí lè rí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n onílù mọ ohun tí òun dà nù, ó sì wá nǹkan fi dí i. Ẹni tó ń lo vocoder kì í sábà mọ̀ pé òun da nǹkan kan nù.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé orin tirẹ̀ wá fún mi níjọ́sí. Aya ló ń kí ọkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ sínú máíìkì dáadáa, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù lọ re, mí, dó. Obìnrin náà ń kí ọkọ́ rẹ̀, irin tí a fi ń roko, tìfẹ́tìfẹ́, pẹ̀lú ohùn bí ti ángẹ́lì. Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Inú bí ọmọ náà. Mo ní kó má dá ẹ̀rọ lẹ́bi. Àwọn bàbá wa nínú ìjọ ti ṣe bẹ́ẹ̀ kí a tó bí wa, nígbà tí wọ́n fi orin mímọ́ Yorùbá sórí ohùn orin òyìnbó. T. K. E. Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní kàtídírà Èkó, ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ Yoruba Music ní 1953. Ìwé náà wà. Ẹ kò kà á.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi vocoder kọrin Yorùbá, ọwọ́ rẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ di ọwọ́ onígángan. Ìdajì ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀.

Ìyókù

Mo rí ìwé kékeré tí alága fi ránṣẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Mo ní ojú ìwé mẹ́rìnlá.

Wendy Carlos àti Robert Moog ló mú vocoder wọ orin fíìmù A Clockwork Orange ní 1971. Kraftwerk ti Jámánì náà lò ó lẹ́yìn wọn. Ẹ lọ gbọ́ wọn fúnra yín.

Talk box kò ní asẹ́ kankan. Ìró gìtá ń jáde láti sípíkà kékeré, ó gba inú ọ̀pá rọ́bà bọ́ sẹ́nu olórin. Olórin kò sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń gbẹ́, máíìkì á gbé e. Pete Drake ti lo irú rẹ̀ ní 1964. Ti Bob Heil jáde ní 1973. Peter Frampton sọ ọ́ di mímọ̀ fáyé ní 1976. Roger Troutman fi ti kíbọ́ọ̀dù lé gbogbo wọn lẹ́yìn. Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló ni ọwọ́ àti ẹnu. Ọmọ Àyàn tó bá kọ́ ọ lè fi ọwọ́ ṣe ohùn, kó fi ẹnu ṣe fáwẹ̀lì. Awọ àti ẹran, lábẹ́ òrùlé kan.

Auto-Tune, ẹ̀rọ tó ń tún ohùn olórin tó bá yẹ̀ ṣe, 1997. Andy Hildebrand ló ṣe é, ẹni tó ti fi òǹkà wá epo rọ̀bì lábẹ́ ilẹ̀ rí. Bí wọ́n bá fún un le, á sọ ohùn tó ń yọ̀ wálẹ̀ di àtẹ̀gùn. Ẹ pe "rárà" kí ẹ gbọ́ bí ìdí rẹ̀ ṣe ń yọ̀. Ẹ fi wé ti orin tó wà lórí fóònù yín. N óò sọ ìyókù lọ́jọ́ mìíràn.

Bàbá onígángan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síwájú. Ìwọ ọmọ tó ni ọ̀pá rọ́bà, tẹ̀ lé wọn, kí o sì kí wọn dáadáa kí o tó jókòó. Gbólóhùn kan náà ni mo fún àwọn méjèèjì. Kí olúkúlùkù kọ ohun tó bá gbọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn.