Inú Náà Ni A Fi Ń Rò

Dókítà Antonio Damasio, ọmọ ilẹ̀ Pọtogí tó ṣiṣẹ́ ní Iowa, Amẹ́ríkà, sọ̀rọ̀ aláìsàn rẹ̀ kan nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1994. Ọpọlọ ọkùnrin náà ti fara pa níwájú, níbi tí ìmọ̀lára ti ń bá wa dá sí ìpinnu. Làákàyè rẹ̀ ṣì pé pérépéré. Wọ́n ní kó mú ọ̀kan nínú ọjọ́ méjì tí yóò padà wá. Ó yọ ìwé, ó ń wo kàlẹ́ńdà: iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ńkọ́? Ojú ọjọ́ ńkọ́? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 30, kò rí ọ̀kan mú. Ìgbà tí dókítà mú un fún un, ó ní ó dára, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Nínú èdè tiwa, inú tó ń dùn, tó ń bàjẹ́, òun náà la fi ń rò. Ẹ jọ̀wọ́, bí ara yín bá kọ nǹkan kan lónìí, ẹ má tètè pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ bi í ní ohun tó rí.