Ọmọ Wa àti Ètò Erasmus

Oníṣirò owó ni mí, ìyàwó mi sì ti kìlọ̀ pé kí n má fi nọ́ńbà pa yín. Díẹ̀ ni n ó kà.

Ní 1987 ni ètò Erasmus bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù. Akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìlú Ọba níbí lè lọ kàwé fún sáà kan tàbí ọdún kan ní Faransé tàbí Sípéènì. Kò ní san owó ilé-ìwé lọ́hùn-ún, wọn yóò sì fún un ní owó ìrànwọ́. Àwọn ọmọ tiwọn náà ń wá síbí.

Ìlú Ọba dìbò ní 2016 láti kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ní oṣù Kejìlá 2020, ìjọba fi Erasmus sílẹ̀, wọ́n ní owó rẹ̀ pọ̀ jù. Ètò Turing ló rọ́pò rẹ̀ ní 2021. Turing kò burú o: ó ń gbé ọmọ dé ibikíbi ní àgbáyé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ nìkan ló ń ná owó lé, kò ka ẹni tó ń bọ̀ sí. Ọdọọdún sì ni ilé-ìwé ń tún owó náà tọrọ. Ètò tí kò mọ iye tí yóò rí lọ́dún tó ń bọ̀, ta ló lè gbára lé e? Wales ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀ ní 2022, wọ́n pè é ní Taith, ó sì ń sanwó fún àtẹni tó ń lọ àtẹni tó ń bọ̀. Lójú tèmi, àwọn ló ṣírò rẹ̀ dáadáa.

Ní oṣù Kejìlá 2025, ìjọba kéde pé Ìlú Ọba yóò padà sínú Erasmus+ ní 2027. Owó ọdún àkọ́kọ́ tó nǹkan bí £570 mílíọ̀nù. Owó orí wa wà níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wa la rékọjá òkun nítorí ìwé. Oyè kejì ló gbé èmi náà wá. Síbẹ̀, bí ọmọ bá ní òun fẹ́ lo sáà kan ní Sípéènì, àwa náà là ń bi í pé, “Kí ló sọnù síbẹ̀ tí o fẹ́ lọ wá?” Ọmọ olówó yóò lọ, ètò wà, ètò kò sí. Ọmọ nọ́ọ̀sì àti ọmọ awakọ̀ bọ́ọ̀sì ló nílò rẹ̀. Kì í sì í ṣe ti yunifásítì nìkan: àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́ àti ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ náà lè kópa.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà. Erasmus+ kò dá ẹ̀tọ́ àtigbé Yúróòpù bó ṣe wuni padà. Ìwé ìrìnnà Ìlú Ọba kò gbé èèyàn ju 90 ọjọ́ lọ nínú 180 ọjọ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè Schengen láìsí físà. Ọmọ tó ń lo ti Nàìjíríà sì nílò físà láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.